Kí ẹ tó sanwó kíláàsì mòsáíkì: bí ẹ ṣe lè fi ọ̀kan wé èkejì

Bí ẹ bá ń wá kíláàsì mòsáíkì, ìyẹn iṣẹ́ ọnà tí a ti ń to ègé gíláàsì, táìlì tàbí òkúta kéékèèké di àwòrán, àwọn tó ń polówó rẹ̀ á fi àwòrán ohun tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọn gbé lọ sílé hàn yín: ẹyẹ aláwọ̀ mèremère, òdòdó, dígí tí wọ́n fi gíláàsì tò yí ká. Gbogbo rẹ̀ ló máa ń dára lójú. Àmọ́ àwòrán kì í sọ ẹni tó gé àwọn ègé tó wà lára iṣẹ́ náà, bẹ́ẹ̀ ohun tó yẹ kí ẹ kọ́kọ́ mọ̀ nìyẹn. Kíláàsì wà tó jẹ́ pé wọ́n ti gé gíláàsì sínú abọ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ tó dé, tí iṣẹ́ tirẹ̀ kò sì ju pé kó fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ wọ́n mọ́ ojú ìlà tí wọ́n ti bá a fà sílẹ̀. Ó dùn ún ṣe, mi ò bá ẹnikẹ́ni jà sí i. Ṣùgbọ́n ẹni tó kọ́ lílẹ̀ nìkan kò tíì kọ́ mòsáíkì. Ẹni tó bá mọ bí a ṣe ń gé ègé, tó sì mọ ibi tó yẹ kí ègé náà kọjú sí, lè jókòó ti iṣẹ́ yìí fúnra rẹ̀ lẹ́yìn tí olùkọ́ bá ti lọ. Nítorí náà, bí mo bá fẹ́ fi kíláàsì kan wé èkejì, ìbéèrè tí mo máa ń bi wọ́n ni pé: ọwọ́ ta ni ẹ̀mú tí a fi ń gé ègé máa wà?

Ọjọ́ kan, ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀, àbí ọ̀sẹ̀ kan gbáko?

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Irú mẹ́ta ló wọ́pọ̀, mo sì tò wọ́n sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn:

| | Ọlọ́jọ́ kan | Ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ | Ọlọ́sẹ̀ kan gbáko |
|---|---|---|---|
| Gígé | Díẹ̀, nígbà míì rárá | Ó ń dára sí i díẹ̀díẹ̀ | Títí ọwọ́ á fi mọ̀ ọ́n |
| Gbígbẹ | Àkókò kì í tó | Ó ń gbẹ kí ẹ tó padà dé | Ó ń gbẹ mọ́jú |
| Ibi tó ti ń dunni | Iṣẹ́ kì í parí | Wákàtí méjì ń yára tán | Ọwọ́ àti ẹ̀yìn |
| Ẹni tó yẹ | Ẹni tó fẹ́ tọ́ ọ wò | Ẹni tó ní sùúrù | Ẹni tó ti mọ̀ pé òun fẹ́ ẹ |

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ti ọlọ́jọ́ kan, torí òun ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa kọ́kọ́ sanwó fún. Táìlì gíláàsì tí wọ́n sábà máa ń fún olùbẹ̀rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 2 ní ìbú àti ní òró. Wọ́n máa ń gé e sí mẹ́rin kó tó lè tẹ̀ lé ìlà àwòrán, ègé kọ̀ọ̀kan á wá jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 1. Bí ẹ bá fi àyè mìlímítà 1 sílẹ̀ láàárín wọn, pákó tó jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 20 ní ìbú àti òró á gba ègé bíi 320. Ká ní gígé ègé kan àti lílẹ̀ ẹ́ gbà yín ní ààbọ̀ ìṣẹ́jú péré, èyí tó yá gan-an fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ó ti lé ní wákàtí méjì àtààbọ̀ nìyẹn. Ẹ sọ pákó náà di sẹ̀ǹtímítà 30, ègé á di bíi 730, iṣẹ́ á sì gba wákàtí mẹ́fà, ẹ ò tíì yàwòrán, ẹ ò tíì jẹun. Tí ẹnì kan bá wá ṣèlérí pé ẹ máa parí pákó ńlá láàárín aago mẹ́wàá àárọ̀ sí mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, yálà wọ́n ti bá yín gé e sílẹ̀ ni, tàbí kí ègé náà tóbi débi tí ojú ẹyẹ yín á fi rí bíi fèrèsé.

Ọ̀rọ̀ gbígbẹ tún wà níbẹ̀. Símẹ́ǹtì tí wọ́n fi ń lẹ táìlì sábà máa ń fẹ́ nǹkan bíi wákàtí 24 kí a tó lè fi gíráòtù dí àárín àwọn ègé. Kíláàsì ọlọ́jọ́ kan kò ní wákàtí 24. Olùkọ́ lè lo irú èyí tó tètè ń le, ó lè di ìyẹ̀fun gíráòtù sínú ọ̀rá fún yín kí ẹ lọ ṣe é nílé, ó sì lè ní kí ẹ fi iṣẹ́ sílẹ̀ kí òun bá yín parí rẹ̀. Méjì àkọ́kọ́ kò burú. Ẹ̀kẹta ni n kò fẹ́, torí ìdí gíráòtù ni iṣẹ́ tó ti dára ti ń bàjẹ́. Bí ẹ bá nù ún kíákíá jù, ẹ ó fà á jáde láàárín ègé. Bí ẹ bá pẹ́ jù, á ti le mọ́ ojú gíláàsì. Àwọ̀ rẹ̀ pàápàá lágbára ju bí olùbẹ̀rẹ̀ ṣe rò lọ: gíráòtù funfun máa ń mú kí àwọ̀ gíláàsì rí bí ẹni pé ó ṣá, èyí tó ní àwọ̀ eérú tàbí tó dúdú sì máa ń mú kó tàn. Ojú ara yín ni ẹ gbọ́dọ̀ fi rí i, lórí iṣẹ́ tí ẹ fi ọwọ́ ara yín ṣe.

Kíláàsì ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ kò ní wàhálà gbígbẹ yìí. Àǹfààní tó tún ní ni pé ẹ ó fi iṣẹ́ yín sílẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, nígbà tí ẹ bá sì padà rí i, àṣìṣe tí ojú yín ti mọ́ lára á hàn kedere. Èmi fara mọ́ ọn ju ọlọ́jọ́ kan lọ fún ẹni tí ilé rẹ̀ kò jìnnà. Aburú tirẹ̀ ni pé ìdajì wákàtí máa ń bá títẹ́ irinṣẹ́ sílẹ̀ àti kíkó o padà lọ, ẹni tó bá sì pa ọ̀sẹ̀ méjì jẹ á bá ọwọ́ rẹ̀ níbi tó ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ bi wọ́n bóyá ẹ lè fi iṣẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀, torí gbígbé pákó tí gọ́ọ̀mù rẹ̀ kò tíì gbẹ wọ ọkọ̀ kì í ṣe ohun tí mo fẹ́ fún ọ̀tá mi.

Ọlọ́sẹ̀ kan gbáko ló ń kọ́ni jù, kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kẹta, ọwọ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é láìjẹ́ pé orí ń darí i. Irú rẹ̀ tí àwọn èèyàn ti ilẹ̀ òkèèrè ń lọ ṣe jù wà ní ìlú Ravenna, ní Ítálì, ó sì nídìí. Ẹni tó bá gé ègé ní òwúrọ̀ lè rìn lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì San Vitale lọ́sàn-án, èyí tí wọ́n yà sí mímọ́ ní ọdún 547, kó sì wò ó pé àwọn tó ṣe é kò tẹ́ ègé wúrà sílẹ̀ gbọọrọ bíi ti táìlì ilé ìwẹ̀. Wọ́n dẹ ọ̀kọ̀ọ̀kan síhìn-ín sọ́hùn-ún kí ìmọ́lẹ̀ lè máa ta láti ara wọn bí èèyàn ṣe ń rìn kọjá. Wọ́n lè ṣàlàyé ìyẹn fún yín nínú kíláàsì títí ilẹ̀ á fi ṣú, ó di ìgbà tí ẹ bá dúró níbẹ̀ kó tó yé yín. Ṣùgbọ́n n kò ní gba ẹni tí kò tíì di ẹ̀mú mú rí nímọ̀ràn pé kó wọ ọkọ̀ òfuurufú nítorí rẹ̀. Kó kọ́kọ́ mọ̀ bóyá ariwo gíláàsì tó ń fọ́ bá a lára mu.

Ẹ̀mú àbí òòlù?

Ìyàtọ̀ yìí kì í hàn nínú ìpolówó, òun ló sì máa sọ ohun tí ẹ lè máa ṣe nílé lẹ́yìn kíláàsì.

Ẹ̀mú méjì ló wà. Èyí tó ní irin róbótó méjì lẹ́nu wà fún gíláàsì, èyí tó ní ẹnu pẹlẹbẹ sì wà fún táìlì amọ̀. Lílò wọn kò rí bákan náà. Ti gíláàsì, ẹ máa gbé irin róbótó yẹn sí ojú ibi tí ẹ fẹ́ kí ó ti ya. Ti táìlì amọ̀, bèbè nìkan ni ẹnu ẹ̀mú máa mú, ìwọ̀nba mìlímítà díẹ̀. Ibi tí ẹnu ẹ̀mú bá kọjú sí ni yóò gbà ya. Olùbẹ̀rẹ̀ máa ń ki táìlì bọ ẹnu ẹ̀mú dé àárín, á wá fi gbogbo agbára tẹ̀ ẹ́, ó di wúruwùru. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. N kò mọ iṣẹ́ míì tí òwe yẹn ti rí bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Olùkọ́ tó gbọ́nṣẹ́ á wo bí ẹ ṣe di ẹ̀mú mú kó tó wo ohun tí ẹ gé.

Òòlù mòsáíkì ní tirẹ̀ tẹ̀, ẹnu rẹ̀ mú níhà méjèèjì. Ó ń bá irin kan ṣiṣẹ́ tí wọ́n rì mọ́ ìtì igi, tí ẹnu rẹ̀ mímú kọjú sókè. Àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá ni a fi ń di òkúta mú sórí irin náà, òòlù á wá bọ́ sórí òkúta ní ọ̀gangan ibi tí irin wà lábẹ́. Ìwọ̀n òòlù ló ń ṣiṣẹ́, kì í ṣe agbára apá. Bí àwọn tó ń ṣe é láyé àtijọ́ ṣe ń ṣe é náà nìyẹn, òun ló sì dára jù fún mábùlù àti fún smalti, ìyẹn gíláàsì tó ki, tó ní àwọ̀ jinlẹ̀, tí wọ́n ń rọ́ ní pàtó fún iṣẹ́ yìí.

Èwo ni kí ẹ yàn? Ẹ̀mú kò wọ́n, ó wọ inú àpò, ẹ sì lè lò ó lórí tábìlì láìjí ará ilé. Òòlù ń fẹ́ ìtì igi tó wúwo, ó ń pariwo, ègé ń ta kiri. Bí kò bá jẹ́ pé mábùlù tàbí smalti gan-an ló fà yín wọ iṣẹ́ yìí, ẹ fi ẹ̀mú bẹ̀rẹ̀. Kíláàsì tó bá fún yín láǹfààní láti fi òòlù dánra wò fún wákàtí kan péré ti ṣe yín lóore púpọ̀.

Ìlànà mẹ́ta, àti èyí tí mo máa kọ́kọ́ kọ́

Ìlànà tààrà rọrùn láti lóye: ẹ gé ègé, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ pákó tàbí ògiri, ojú rẹ̀ ń wò yín. Ohun tí ẹ rí nígbà tí ẹ ń ṣe é lẹ máa rí nígbà tó bá parí. Ojú iṣẹ́ náà lè má dọ́gba, àwọn ègé lè ga ju ara wọn lọ, èyí sì dára lára ògiri torí ìmọ́lẹ̀. Lórí tábìlì, ife á máa mì.

Ìlànà ìdàkejì yàtọ̀ pátápátá. Ẹ máa ya àwòrán sórí bébà ní òdì, bí ẹni ń wò ó nínú dígí, ẹ ó fi gọ́ọ̀mù tí omi lè yọ́ lẹ ègé mọ́ ọn pẹ̀lú ojú rẹ̀ nísàlẹ̀, lẹ́yìn náà ẹ ó tẹ gbogbo rẹ̀ mọ́ símẹ́ǹtì tútù. Tí símẹ́ǹtì bá ti mú, ẹ ó fi omi rin bébà, ẹ ó ká a kúrò, iṣẹ́ á sì yọjú. Ojú rẹ̀ á tẹ́ bẹẹrẹ, ìdí nìyẹn tó fi bá ilẹ̀ àti tábìlì mu. A sì lè ṣe iṣẹ́ ńlá ní abala abala nílé iṣẹ́, ká wá kó o lọ síbi tó máa wà. Gian Domenico Facchina, ọmọ Sequals ní ìhà àríwá ìlà oòrùn Ítálì, ló gbé ìlànà yìí lárugẹ nígbà tó fi ṣe mòsáíkì Ilé Opera tí wọ́n ṣí ní Paris ní 1875. Láì sí i, ìnáwó iṣẹ́ ńlá bẹ́ẹ̀ ì bá ga kọjá kèrémí.

Ọ̀fìn kan wà níbẹ̀ tí mo fẹ́ kí ẹ ṣọ́. Gíláàsì tí àwọ̀ rẹ̀ wọ inú dé ẹ̀yìn kò níṣòro, torí ẹ ṣì ń rí àwọ̀ láti ẹ̀yìn. Táìlì amọ̀ tó jẹ́ pé ojú nìkan ni wọ́n kùn ńkọ́? Gbogbo ẹ̀yìn wọn jẹ́ àwọ̀ amọ̀ kan náà; bí ẹ bá dojú wọn délẹ̀, ẹ ò mọ pupa yàtọ̀ sí búlúù mọ́. Bí kíláàsì kan bá ní ìlànà ìdàkejì lòun ń kọ́ni, tó sì ní àwo fífọ́ lẹ máa lò, ẹ bi olùkọ́ bó ṣe fẹ́ ṣe é. Ìdáhùn rẹ̀ á kọ́ yín ní nǹkan, bóyá nípa iṣẹ́ náà, bóyá nípa rẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni ìlànà tí wọ́n ń pè ní ti Ravenna. Ẹ máa to iṣẹ́ náà sójú amọ̀ rírọ̀ tàbí ẹfun tí wọ́n fi omi pò, níbi tí ẹ ti lè yọ ègé kúrò kí ẹ sì tún un tò bó ṣe wù yín. Tó bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ ó fi gọ́ọ̀mù lẹ aṣọ fẹ́lẹ́ bo ojú rẹ̀, ẹ ó gbé gbogbo rẹ̀ sókè, ẹ ó fọ ẹ̀yìn rẹ̀ mọ́, ẹ ó sì gbé e sínú símẹ́ǹtì. Ó gùn. Kíláàsì ọlọ́jọ́ kan tó bá sọ pé òun ń kọ́ ọ ń fi sinimá hàn yín ni.

Tààrà ni kí ẹ kọ́kọ́ kọ́. Ìdàkejì ni kí ẹ fi ṣe kíláàsì kejì, kí ẹ sì rí i dájú pé wọ́n máa jẹ́ kí ẹ ká bébà yẹn kúrò fúnra yín, torí ìgbà yẹn ni ègé máa ń bá bébà jáde, tí a sì ń kọ́ bí a ṣe ń tún un ṣe.

Ohun èlò, ní kúkúrú

Táìlì gíláàsì alásẹ̀ǹtímítà méjì dára fún ìbẹ̀rẹ̀: ó dọ́gba, àwọ̀ rẹ̀ pọ̀, bí ẹ bá sì ba ogún jẹ́, kò ní dun yín. Smalti wọ́n. Ti wúrà wọ́n jù, torí ewé wúrà gidi ni wọ́n há sáàárín gíláàsì méjì. Ẹni tí kò tíì mọ gígé ń fi owó ṣòfò lórí rẹ̀. Àwo àti táìlì fífọ́ ni Gaudí àti Jujol, àwọn ayàwòrán ilé, fi bo ìjókòó gígùn tó wà ní Park Güell ní Barcelona, ọgbà tí wọ́n kọ́ láàárín 1900 sí 1914. Kíláàsì tó ń lo irú rẹ̀ ló máa ń yọ ẹ̀rù kúrò lára èèyàn jù, torí ta ló ń bẹ̀rù láti fọ́ ohun tó ti fọ́? Ìṣòro rẹ̀ ni pé àwo ń tẹ̀ kọdọrọ, ọ̀pọ̀ rẹ̀ sì ń fa omi. Ní ìlú tí omi ti ń di yìnyín, kò ní pẹ́ níta.

Olùkọ́ olórúkọ àti olùkọ́ tó mọ̀ ọ́n kọ́

Ibí ni owó yín ti máa ń so èso tàbí kó ṣòfò. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ wà lára ògiri ńláńlá lè má mọ bí a ṣe ń kọ́ni. Ẹni tí ẹ ò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí sì lè wo ìka yín lẹ́ẹ̀kan, kó sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Tí mo bá ní láti yàn, èkejì ni mo máa yàn fún ọdún àkọ́kọ́. Ti olórúkọ dára nígbà tí ẹ bá ti ní ìbéèrè tó jẹ́ pé òun nìkan ló lè dáhùn rẹ̀.

Ohun tí mo máa ń wò lára olùkọ́ ni ọwọ́ rẹ̀. Tí akẹ́kọ̀ọ́ bá há, ṣé ó máa gba ẹ̀mú lọ́wọ́ rẹ̀ kó bá a gé e ni, àbí ó máa gé ọ̀kan lórí tábìlì tirẹ̀, kó ní kí akẹ́kọ̀ọ́ gé èyí tó kàn? Ẹni tó ń gba iṣẹ́ ṣe ń fẹ́ kí àwòrán ìpolówó rẹ̀ dára. Iṣẹ́ á dára lóòótọ́, ṣùgbọ́n tirẹ̀ ni.

Ẹ wò ó pẹ̀lú bóyá ó ń sọ̀rọ̀ nípa ipa tí ègé ń tọ̀, èyí tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní andamento, kí gọ́ọ̀mù tó kan pákó. Mòsáíkì Alexander, tó ń fi ogun Alexander Ńlá hàn, tí wọ́n hú jáde ní Pompeii, ìlú àtijọ́ kan ní Ítálì, ní 1831, tó wà ní Naples báyìí, ní ègé tó lé ní mílíọ̀nù kan, àwọn ègé náà sì ń tẹ̀ lé ẹ̀rẹ̀kẹ́ èèyàn àti ọrùn ẹṣin bí iṣan ṣe tẹ̀ lé e. Olùkọ́ tó bá ní kí ẹ fi pẹ́ńsùlù fa ìlà ipa wọ̀nyẹn kí ẹ tó gé ohunkóhun ti fún yín ní ìdajì iṣẹ́ náà. Èyí tó bá ní "ẹ ṣáà kún un" kò ní nǹkan tó fẹ́ kọ́ yín.

Iye èèyàn ńkọ́? Tí akẹ́kọ̀ọ́ bá ju mẹ́jọ lọ sí olùkọ́ kan, ẹ ó máa nawọ́ sókè, yóò máa sọ pé òun ń bọ̀.

Àwọn nǹkan kéékèèké kan sì wà tó máa ń tú àṣírí ẹni tí kò nírìírí. Kò ní bi yín ibi tí iṣẹ́ náà máa wà, bẹ́ẹ̀ ibi tó máa wà ló ń sọ irú gọ́ọ̀mù àti irú pákó tó yẹ: gọ́ọ̀mù funfun PVA dára nínú ilé, ṣùgbọ́n kò dúró níwájú òjò, pákó MDF, èyí tí wọ́n fi ìyẹ̀fun igi tẹ̀, sì ń wú tí omi bá kàn án. Kò ní fún yín ní awò tó ń dáàbò bo ojú. Á máa fi ìgbálẹ̀ gbá eruku gbígbẹ, nígbà tó jẹ́ pé aṣọ tútù ló yẹ kó fi nù ún, torí eruku táìlì àti símẹ́ǹtì kò dára fún ẹ̀dọ̀fóró. Á sì da omi gíráòtù sínú síńkì. Yóò le sínú páìpù lọ́jọ́ kan, onípáìpù á wá jẹun.

Ti orí íntánẹ́ẹ̀tì

Fídíò ní àǹfààní tí kíláàsì kò ní: ẹ lè dá a padà lẹ́ẹ̀mẹwàá láìtìjú. Ó tún máa ń gbé yín dé ọ̀dọ̀ olùkọ́ tó jìnnà. Ohun tí kò lè ṣe ni kó rí bí ìka yín ṣe le gírígírí mọ́ ẹ̀mú. Ìdí nìyẹn tí mo fi rò pé ó yẹ ẹni tó ti gé nǹkan lójú olùkọ́ rí, kì í ṣe ẹni tí kò tíì bẹ̀rẹ̀. Tó bá jẹ́ kíláàsì tí ẹ ti ń rí ara yín lójúkojú lórí ẹ̀rọ ni, ẹ bi wọ́n bóyá ẹ lè gbé kámẹ́rà sókè kó máa wo ọwọ́ yín dípò ojú yín. Àpótí ohun èlò tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ pẹ̀lú rẹ̀ ńkọ́? Ẹ tún béèrè: ṣé ó ti di gígé?

Bí ẹ bá fẹ́ lọ jìnnà

Ilé ẹ̀kọ́ gidi wà fún un. Èyí tó lórúkọ jù ni Scuola Mosaicisti del Friuli ní Spilimbergo, ní Ítálì, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1922; ọdún mẹ́ta ni ẹ̀kọ́ rẹ̀. Ìyẹn fún ẹni tó fẹ́ fi ṣe iṣẹ́ jẹun. Ẹni tó kàn fẹ́ ṣe ògiri ọgbà rẹ̀ kò nílò rẹ̀. Ohun tó nílò ni kíláàsì tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ń po símẹ́ǹtì fúnra wọn.

Tí kíláàsì àkọ́kọ́ bá parí, tí wọ́n sì ń fi ẹ̀dínwó fa yín mọ́ra fún èkejì, ẹ ní sùúrù. Ẹ ra ẹ̀mú kan, ẹ wá pákó kékeré, kí ẹ sì tún iṣẹ́ tí ẹ ṣe níbẹ̀ ṣe nílé láìsí ẹni tó dúró tì yín. Bó bá jẹ́ gígé ló bá yín jà, ẹ padà sọ́dọ̀ olùkọ́ yẹn tàbí ẹni tó sàn jù ú. Bó bá jẹ́ pé ègé ń ya dáadáa ṣùgbọ́n àwòrán kò wúni lórí, kíláàsì ìyàwòrán ni kí ẹ fi owó yẹn san.